Jẹjẹrẹ Ọyàn Lára Obìnrin àti Lára Ọkùnrin

Àwọn àgbà ní bí a kò bá tètè mú olè, olè a mú olóko. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ àìsàn mu, ṣùgbọ́n bóyá ni ó bá èyíkéyìí mu tó jẹjẹrẹ ọyàn. Àrùn tí apá ìṣègùn ká ni bí a bá tètè rí i. Bí a bá sì fún un láyè, ó di ọ̀ràn tí agbára káká ni a fi ń bá a jà.

Ní Màhìntẹ̀dó, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ létí òkun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sí ọmọ tí kò mọ ohun tí ọkọ̀ ojú omi jẹ́. Omi ni oúnjẹ ti ń wá, omi sì ni ọ̀nà. Ọmọdé tí kò tíì lè di àjẹ̀ mú dáadáa ti mọ̀ pé bí omi bá ń yọ́ wọ inú ọkọ̀, a kì í wò ó níran. Ihò tí ń mú omi wọlé kì í pariwo, kì í sì í dun ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àfi ìgbà tí ọkọ̀ bá wúwo tán. Bí ìwà ihò yìí ti rí ni ìwà jẹjẹrẹ ọyàn ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìrora ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí àmì àìsàn. Bí eéwo bá sọ abiyamọ lọ́yàn, oorun kò ní kùn ún. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti wá ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Kókó jẹjẹrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í sábà dunni rárá. Obìnrin a máa fọwọ́ kàn án nígbà tí ó bá ń wẹ̀, a wí nínú ara rẹ̀ pé ohun tí kò dun òun kò lè ṣe òun ní nǹkan, a sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Oṣù kan a di mẹ́ta, mẹ́ta a di ọdún kan. Inú àṣìṣe yìí ni àrùn náà ti ń rí àyè dàgbà.

Ohun Tí Jẹjẹrẹ Jẹ́

Ara ènìyàn kún fún àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Lójoojúmọ́ ni àwọn kan ń gbó tí wọ́n ń kú, tí àwọn mìíràn sì ń bọ́ sí ipò wọn, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ ní ètò. Nígbà mìíràn, ètò tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan a dàrú. Kò ní mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró mọ́. Yóò máa pọ̀ sí i títí yóò fi di kókó. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nínú àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé omi ọyàn wá sí orí ọmú, tàbí níbi tí a ti ń ṣe omi ọyàn náà, jẹjẹrẹ ọyàn ni a ń pè é.

Bí kókó náà bá wà lójú kan, kò lè pa ènìyàn. Ewu rẹ̀ ni pé ó ń rìn. Ó sábà máa ń kọ́kọ́ gba abíyá, níbi tí àwọn kókó kéékèèké tí ń ṣọ́ ara wà. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, ó lè wọ egungun, ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ. Ìdí nìyí tí àkókò fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: kí a tó jẹ́ kí ó gbéra ni kí a ti mú un.

Àrùn yìí kì í ṣe tuntun. Ìwé ìṣègùn kan wà tí àwọn ará Íjíbítì kọ ní nǹkan bí 3,600 ọdún sẹ́yìn, tí ó sọ̀rọ̀ nípa kókó inú àyà, tí ó sì ní kò sí ìtọ́jú fún un. Ìdájọ́ yẹn ti di ohun àtijọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń hùwà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣì rí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, láti ọdún 1960 ni a ti ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ ń bá jà ní Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni ó pọ̀ jù lára àwọn obìnrin. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, jẹjẹrẹ ọyàn ti gba iwájú. Ní ọdún 2020, ìṣirò àwọn onímọ̀ àgbáyé ni pé bí ènìyàn 28,000 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, tí àwọn tí ó pa sì lé ní 14,000. Ní gbogbo ayé, ní ọdún 2022, obìnrin mílíọ̀nù 2.3 ni ó mú, ó sì pa 670,000.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó lé ní 90 nínú 100 obìnrin tí ó ní àrùn yìí tí ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Ní Gúúsù Áfíríkà, bí 40 nínú 100 ni. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ ńlá yìí jù lọ ni ìgbà tí a rí àrùn náà, àti bí ìtọ́jú ti jìnnà sí aláìsàn tó.

Ọkùnrin Náà Ní Ọyàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ pé jẹjẹrẹ ọyàn mú ọkùnrin. Ẹ̀rín náà kò tọ́. Bí a bá bí ọmọ, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, a bí i ti òun ti ẹran ọyàn díẹ̀ lẹ́yìn orí ọmú. Nígbà tí obìnrin bá bàlágà, èròjà ara rẹ̀ a mú kí ẹran náà pọ̀ sí i, kí ó sì múra de iṣẹ́ ọmọ títọ́. Ti ọkùnrin a dúró bí ó ti wà, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Níbi tí ẹran ọyàn bá sì wà, jẹjẹrẹ ọyàn lè wà níbẹ̀.

Òtítọ́ ni pé kò pọ̀ lára ọkùnrin. Nínú 100 ènìyàn tí ó ní àrùn náà ní gbogbo ayé, bí ẹyọ kan péré ni ó ń jẹ́ ọkùnrin. Síbẹ̀, ní Amẹ́ríkà nìkan, ìṣirò ọdún 2024 ni pé bí ọkùnrin 2,790 ni a óò rí i lára wọn, tí bí 530 yóò sì ti ipa rẹ̀ kú. Nínú àwọn tí ó ti jáde sọ ọ́ ni Mathew Knowles, baba gbajúgbajà akọrin nì, Beyoncé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni ó sọ fún ayé pé jẹjẹrẹ ọyàn mú òun. Àmì tí ó kọ́kọ́ rí ni ẹ̀jẹ̀ tóótòòtó lára àwù rẹ̀, lọ́gangan ibi orí ọmú. Kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ó lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Ọkùnrin a sábà máa pẹ́ kí ó tó lọ sí ilé ìwòsàn ju obìnrin lọ, nítorí kò gbà pé àrùn náà lè jẹ́ tirẹ̀, tàbí nítorí ìtìjú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹran àyà rẹ̀ kò nípọn. Kò pẹ́ tí kókó náà yóò fi kan awọ ara lókè àti iṣan àyà nísàlẹ̀. Ẹ wo apẹja tí ó bọ́ àwù sílẹ̀ láti fa àwọ̀n. Gbogbo ayé ni ó ń rí àyà rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, síbẹ̀ ó lè máà sí ẹni tí yóò wò ó, òun náà kò sì ní wo ara rẹ̀.

Kí a má sì dẹ́rù ba àwọn ọ̀dọ́. Ọyàn ọmọkùnrin a máa wú díẹ̀ nígbà tí ó bá ń bàlágà, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ti àgbàlagbà náà lè wú nítorí oògùn kan tàbí nítorí àìsàn ẹ̀dọ̀. Irú èyí a máa rọ̀, a sì máa wà ní apá méjèèjì lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí ó yẹ kí ó tètè gbé ọkùnrin dìde ni kókó líle ní apá kan, lẹ́yìn orí ọmú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pàápàá bí ó bá ti lé ní ẹni 60 ọdún.

Àwọn Tí Ewu Rẹ̀ Súnmọ́ Jù

Ọjọ́ orí ni ó ṣíwájú nínú ohun tí ń mú ewu pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, àwọn tí ó wà láàárín ọdún 40 sí 50 pọ̀ gan-an nínú àwọn obìnrin tí ó mú, a sì ń rí àwọn tí kò tíì pé 40. Ewu tún pọ̀ díẹ̀ fún ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ tètè bẹ̀rẹ̀ tàbí tí ó pẹ́ kí ó tó dáwọ́ dúró, ẹni tí ó sanra jù, àti ẹni tí ń mu ọtí líle. Fífún ọmọ ní ọyàn a máa dín in kù: ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2002 fi hàn pé fún gbogbo oṣù 12 tí obìnrin bá fi fún ọmọ lọ́yàn, ewu rẹ̀ a fi bí 4 nínú 100 dín. Èyí kò túmọ̀ sí pé ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ kò lè ní in. Ó lè ní in.

Ohun mìíràn ni èyí tí a jogún. Ní ọdún 1994 àti 1995, àwọn onímọ̀ rí ohun àjogúnbá méjì kan nínú sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n pè ní BRCA1 àti BRCA2. Iṣẹ́ wọn ni láti máa tún ohun tí ó bá bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ṣe. Ẹni tí ó bá jogún èyí tí ó ní àbùkù, ewu jẹjẹrẹ ọyàn pọ̀ fún un gidigidi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olopade, tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Chicago, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà, yẹ ẹ̀jẹ̀ 1,136 obìnrin Nàìjíríà tí ó ní àrùn náà wò. Àbájáde wọn, tí a tẹ̀ ní ọdún 2018, ni pé bí 15 nínú 100 ni wọ́n jogún àbùkù kan tàbí òmíràn nínú irú ohun àjogúnbá bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tí kò ní àrùn náà, kò tó 2 nínú 100.

Ọ̀rọ̀ yìí kan baba gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ìyá. Bí a bá bi obìnrin léèrè bóyá àrùn náà wà ní ìdílé rẹ̀, ìdílé ìyá ni ọkàn rẹ̀ sábà máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin lè gbé àbùkù BRCA sára láìmọ̀, kí ó sì fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, àìsàn tí ó pa àbúrò baba obìnrin náà jẹ́ ohun tí ó yẹ kí dókítà gbọ́. Ọkùnrin tí ó bá gbé àbùkù BRCA2 sì ní ewu tirẹ̀: bí 7 nínú 100 irú wọn ni jẹjẹrẹ ọyàn lè mú kí wọ́n tó pé ọdún 80. Bí àwọn àgbà ilé bá fi ohun tí ó pa ènìyàn pa mọ́ fún àwọn ọmọ, ìkìlọ̀ tí ó yẹ kí ó gbà wọ́n là ni wọ́n fi pa mọ́.

Àwọn Àmì Rẹ̀

Ó yẹ kí obìnrin àti ọkùnrin mọ bí àyà wọn ti rí, kí wọ́n lè mọ̀ bí ó bá yí padà. Àwọn ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí nìyí: kókó tàbí ibi tí ó le ju ibi yòókù lọ, nínú ọyàn tàbí lábẹ́ abíyá, awọ ọyàn tí ó sun kì tàbí tí ó rí gbágungbàgun bí èèpo ọsàn, orí ọmú tí ó ti ń yọ síta tẹ́lẹ̀ tí ó wá wọnú, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tí ń jáde láti orí ọmú ẹni tí kì í ṣe abiyamọ, egbò orí ọmú tí kò jinná, àti ọyàn kan tí ó ṣàdédé wú tàbí tí ó pọ́n.

Ọ̀pọ̀ kókó ọyàn ni kì í ṣe jẹjẹrẹ, pàápàá lára ọ̀dọ́mọbìnrin. Kókó tí ń wá tí ń lọ pẹ̀lú nǹkan oṣù kì í sábà jẹ́ ewu. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ojú tàbí ọwọ́ lásán pín wọn níyà. Bí nǹkan oṣù bá ti wá tí ó sì ti lọ, tí kókó náà kò lọ, ilé ìwòsàn ni ó kàn. Ti ọkùnrin kò ní oṣù tí yóò dúró dè. Kí ó lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àwọn èrò kan wà tí ń dá ènìyàn dúró. Àwọn kan ní owó tí obìnrin ń fi sínú kọ́múù ni ó ń fà á. Kò sí ẹ̀rí kankan fún èyí. Àwọn mìíràn ní ó ń ràn. Kì í ràn, ọmọ kò sì lè mu ún láti inú omi ọyàn ìyá rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni èrò pé bí ọ̀bẹ bá kan jẹjẹrẹ, ṣe ni yóò tàn ká. Ohun tí ó bí èrò yìí kò fara sin: ọ̀pọ̀ àwọn tí a gbé dé ilé ìwòsàn pẹ́ kí wọ́n tó dé. Àrùn ti kún inú ara wọn. Nígbà tí wọ́n bá kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀bẹ ni a ń dá lẹ́bi.

Ìtọ́jú

Ní ilé ìwòsàn, dókítà yóò fi ọwọ́ yẹ ọyàn àti abíyá wò. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú rẹ̀, wọn yóò sì fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò abẹ́rẹ́ yìí ni onídàájọ́. Láìsí i, kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú sọ pé jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Òun náà ni ó ń sọ irú èyí tí ó jẹ́, nítorí jẹjẹrẹ ọyàn kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn kan wà tí èròjà ara obìnrin ń bọ́. Oògùn oníhóró tí a ń lò fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ a máa dènà wọn. Bí 9 nínú 10 ti ọkùnrin ni ó jẹ́ irú èyí. Àwọn mìíràn wà tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò ràn, wọ́n sì pọ̀ lára àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju ara àwọn aláwọ̀ funfun lọ.

Ọ̀nà ìtọ́jú yòókù ni iṣẹ́ abẹ, oògùn líle tí a ń fà sínú iṣan, àti ìtànṣán tí a fi ń jó ohun tí ó bá ṣẹ́kù. Irun lè re, èébì lè máa gbé aláìsàn nígbà oògùn náà, ṣùgbọ́n irun a tún hù. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a ń gé ọyàn kúrò pátápátá. Bí kókó bá ṣì kéré, a lè yọ òun nìkan, kí a sì fi ìtànṣán tẹ̀ lé e.

Bí ó bá sì di pé ọyàn yóò lọ, ẹ̀mí ni ó tóbi jù. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ẹlẹ́rìí sí èyí. Ní ọdún 1997 ni àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ ọyàn mú Ìyáàfin Betty Anyanwu-Akérédolú. Ọdún yẹn gan-an ni ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti máa la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2017, ọkọ rẹ̀ di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, òun sì di ìyàwó gómìnà. Kò fi ìtàn ara rẹ̀ pa mọ́.

Ọ̀nà Tí Ó Jìn

Ó rọrùn láti wí fún ènìyàn pé kí ó tètè lọ. Láti Màhìntẹ̀dó, ọ̀nà wà níwájú ẹni tí yóò lọ. Igbókòdá ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Láti ibẹ̀ a ó lọ sí Òkìtìpupa, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba wà. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ti ibẹ̀ lọ, ó di Ọ̀wọ̀, Oǹdó, Àkúrẹ́ tàbí Ilé-Ifẹ̀. Bí ó bá sì di ti ìtànṣán, a lè gba Òrè lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó, níbi tí a ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan sí ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní ọdún 2019. Ìrìn kan kò sì tó. Gbogbo ìrìn ni owó ọkọ̀, gbogbo ìrìn ni ọjọ́ tí a kò ní na àwọ̀n, tí a kò ní yan ẹja, tí a kò ní dé ọjà.

Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ètò kan sílẹ̀ lórí àrùn yìí. Ohun tí ètò náà ń lépa ni pé kí a rí ó kéré tán 60 nínú 100 nígbà tí àrùn náà ṣì kéré; kí àyẹ̀wò parí láàárín 60 ọjọ́ sí ọjọ́ tí aláìsàn kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn; kí 80 nínú 100 sì gba ìtọ́jú wọn parí láìfi í sílẹ̀ lágbedeméjì. Ní etí omi, ọwọ́ aláìsàn nìkan kọ́ ni èyí wà. Ó gba ìjọba tí yóò mú àyẹ̀wò súnmọ́ ènìyàn. Ó gba ẹbí tí yóò dá owó jọ nígbà tí kókó ṣì kéré, dípò kí wọ́n dá a jọ fún ìsìnkú.

Ó gba ọkọ pẹ̀lú. Nígbà mìíràn, ọkọ ni ó ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan kókó náà. Nígbà mìíràn, ìyàwó ni ó ń rí ẹ̀jẹ̀ lára àwù ọkọ rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá rí i sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà, kí ó gbà á. Ẹni tí ó bá ní àgbà tí ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ lọ̀, kí ó fi lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ àdúrà má ṣe di ìdádúró fún ọjọ́ àyẹ̀wò, nítorí àrùn náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Kò sí atukọ̀ ní Màhìntẹ̀dó tí yóò rí omi nísàlẹ̀ ọkọ̀ tí yóò ní kò tíì dé orúnkún òun. Yóò gbọ́n ọn, yóò wá ihò náà, yóò sì dí i, kí ó tó tún na ọwọ́ sí àjẹ̀. Ohun tí ara ń fẹ́ lọ́wọ́ olúwarẹ̀ kò ju èyí lọ.